Yunifásítì Tó Lọ Gbé Ìgbó-Ọrà

Ní ọdún 1963, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn pinnu pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ́dọ̀ àwọn kò gbọdọ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láì gbé ìlú àgbẹ̀ rí. Wọn kò ní kí wọ́n kàn yà síbẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n sì padà nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n di ẹrù ni, kí wọ́n lọ sùn níbẹ̀, kí wọ́n jí níbẹ̀, kí wọ́n mọ omi tí ará ibẹ̀ ń mu àti ọ̀nà tí aboyún ń tọ̀ dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Ìlú tí wọ́n mú ni Ìgbó-Ọrà, ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje, ní ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, níbi tí Abẹ́òkúta ti sún mọ́ni ju Ìbàdàn lọ. Ètò Ìlera Ìbàràpá ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní 60 ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì ti ṣe nílẹ̀ Yorùbá, òun ni mo kà sí èyí tí ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Ọsibítù ńlá Oríta Mẹ́fà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó bí i ti wà láti 1948, abẹ́ Yunifásítì London ló sì wà títí di 1962 tó fi dá dúró. Ẹ̀kọ́ dókítà tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ jinlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní London ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn: aláìsàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀jọ̀gbọ́n á dúró tì í, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yí wọn ká. Ẹni tó bá dé orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ń rí. Ọmọ tí èéyi pa ní abúlé, ìkókó tí ipá gbé lọ nítorí ohun tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ní ahéré tí mọ́tò kò lè dé, ikú wọn kò wọ ìwé kankan. Èyí tó bá tilẹ̀ dé Oríta Mẹ́fà nínú wọn, ó sábà máa ń dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àwọn kan ti ṣíwájú nínú irú iṣẹ́ yìí. Herbert Gilles, tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà náà, mú abúlé Akùfọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ó sì wo gbogbo ohun tó ń ran ìlera àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń bà á jẹ́: ilé wọn, omi wọn, oúnjẹ wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìwé tó kọ lórí Akùfọ̀ jáde ní 1964. Ní apá Iléṣà, David Morley ti Ọsibítù Wesley Guild lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti 1957, ó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lónìí, tí abiyamọ ń fi náílọ́ọ̀nù wé kí ó má baà tutù, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò kí ó tó kárí ayé. Nítorí náà, èrò pé kí onímọ̀ fi ọsibítù sílẹ̀ kí ó lọ bá àìsàn nílé kì í ṣe tuntun ní 1963. Ohun tó jẹ́ tuntun ní Ìbàràpá ni pé yunifásítì fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, ó sì gbà pé iṣẹ́ náà kò ní gbèdéke.

Mẹ́ta ni àwọn tó jọ dá a sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́ wá. Yunifásítì mú olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí wá. Àwọn ará ìlú ní tiwọn gba àlejò sílé, wọ́n sì fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí kò lópin. Àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ìgbà náà kò rọgbọ rárá. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, ìjà òṣèlú tí wọ́n pè ní Wẹ́tìẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Pé ètò kan tó so ìjọba mọ́ yunifásítì lè fìdí múlẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí kò sì bá ìjọba náà lọ, ohun ìyanu ló jẹ́ fún mi. Ní 1978 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé tó pé jọ sí Alma-Ata, ní ilẹ̀ Soviet ìgbà náà, láti fẹnu kò pé ìlera gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé aráàlú. Ìbàràpá ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún 15 nígbà náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ariwo nínú: kíka ènìyàn ni. Àdúgbò ńlá mẹ́fà ló para pọ̀ di Ìgbó-Ọrà: Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, Pàkò, Ṣàgànùn, Òkè-Ìsẹ́rìn, Ìgbólé àti Ìdọ̀fin. Wọ́n ka àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì fi ètò kan lélẹ̀ tó ń kọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí àti gbogbo ẹni tó kú sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà wà nínú iṣẹ́ ojúlé dé ojúlé yìí. Ẹni tí kò bá ti ṣe é rí lè rò pé ó rọrùn. Kí ọmọdé ìlú ńlá tó wọ kóòtù funfun máa bi ìyá àgbà léèrè pé ọmọ mélòó ló bí, mélòó ló kú nínú wọn, nílẹ̀ tí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! Ó ní láti kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí ó kí i dáadáa, kí ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n bá gbé fún un, kí ó jẹ́ kí àgbà náà sọ̀rọ̀ dé ibi tó fẹ́, kí ó tó yọ bírò. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá kọ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìdènà àrùn ní Yunifásítì ló ń darí ètò náà, lára àwọn tó sì di ipò olórí ẹ̀ka yìí mú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wá mú lọ sí Geneva láti 1976 sí 1986 láti darí ètò ìwádìí lórí àrùn ilẹ̀ olóoru fún gbogbo ayé.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìbímọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ Ìgbó-Ọrà. Dókítà Nylander, onímọ̀ ìtọ́jú aboyún ní Ìbàdàn, ṣe ìṣirò ìbejì níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì rí i pé nínú 1000 ìbímọ, àwọn tó jẹ́ ìbejì lé ní 40. Kò wọ́pọ̀ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé. Àwọn kan ń sọ pé ọbẹ̀ ìlasa ló fà á, àwọn kan ní iṣu ni, àwọn onímọ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìran, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Mo fẹ́ràn ìtàn ìbejì bíi ti gbogbo ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni iṣẹ́ Ìbàràpá tó ká mi lára jù. Sòbìyà ni.

Ẹni tí a bí lẹ́yìn ọdún 1990 lè máà rí sòbìyà rí láyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ènìyàn á mu omi adágún tí kòkòrò tíntìntín kan wà nínú rẹ̀, ọmọ aràn náà sì wà nínú kòkòrò ọ̀hún. Fún nǹkan bí ọdún kan, kò ní mọ nǹkan kan. Aràn á máa dàgbà nínú rẹ̀, á máa rìn lábẹ́ awọ. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á lé roro, á máa ta á. Roro náà á bẹ́, orí aràn funfun kan á sì yọ jáde. Kò ṣeé fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bó bá já sínú, ojú ibẹ̀ á di egbò ńlá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń wé e mọ́, wọ́n á yí i díẹ̀ lónìí, wọ́n á yí i díẹ̀ lọ́la, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí gbogbo gígùn rẹ̀, tó lè tó mítà kan, á fi jáde tán. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí oró náà bá pọ̀, aláìsàn á lọ ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí ara lè tù ú. Ibẹ̀ gan-an ni aràn á ti da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn mu, tí èèmọ̀ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í sábà pani, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìjọba fojú kéré rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ ló máa ń pa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yọ jù nílẹ̀ Ìbàràpá, nígbà tí odò bá gbẹ tó bá ku adágún nìkan. Àsìkò yẹn náà ni àgbẹ̀ ń ṣán oko, tó ń kọ ebè sílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀, tó ń múra láti gbin iṣu àti ẹ̀gúsí. Ìwádìí tí àwọn ará Ìbàdàn ṣe lágbègbè náà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Kálé wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀, fi hàn pé sòbìyà lè ká ènìyàn mọ́lẹ̀ tó oṣù mẹ́ta. Àgbẹ̀ tí kò lè dìde fún oṣù mẹ́ta ní ìgbà ebè ti pàdánù ọdún náà. Ọmọ rẹ̀ á fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, yálà nítorí pé sòbìyà mú òun náà tàbí nítorí pé òun ló ní láti rọ́pò bàbá lóko.

Wọ́n tún lọ wo ti àwọn ìyá. Tí sòbìyà bá dá abiyamọ dùbúlẹ̀, ta ni yóò pọnmi, ta ni yóò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ta ni yóò kiri ọjà tí wọ́n fi ń ra ọbẹ̀? Nígbà tí wọ́n bi àwọn obìnrin náà léèrè, wọ́n rí i pé ìṣòro náà ń ràn láti ara ìyá dé ara ọmọ tí aràn kò tilẹ̀ dé ara rẹ̀ rárá. Irú ìbéèrè báyìí, ẹni tó jókòó sí Oríta Mẹ́fà kò lè ronú kàn án.

Ìdèrè, ìlú tó kángun sí Ìgbó-Ọrà, ni sòbìyà ti le jù fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jà á jù. Ní 1975 ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ìlera fún gbogbo Áfíríkà. William Brieger láti Amẹ́ríkà àti Joshua Adéníyì wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ ibùdó náà dé Ìdèrè. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ni pé àwọn ará ìlú gbà pé sòbìyà wà lára gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ tí a ti bí i, bí iṣan ṣe wà lára, pé ohun kan ló kàn ń mú un bínú jáde. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, kí ni ó fẹ́ fi omi sísẹ́ ṣe?

Àwọn olùkọ́ náà kò bú wọn, wọn kò sì pè wọ́n ní òpè. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì wá ohun tí wọ́n lè jọ ṣe tí kò ní dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yí èrò rẹ̀ padà. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti inú abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ará abúlé fúnra wọn yàn, kí wọ́n lè máa tọ́jú egbò àti ibà, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ nípa omi. Àwọn kan gbẹ́ kànga. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n mú asẹ́ wọlé.

Mo fẹ́ kí ẹ wo asẹ́ yìí dáadáa, nítorí nínú rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tó fúnjú ni, irú èyí tí fọ́nrán rẹ̀ kì í wú nínú omi, tí kì í sì tètè dí bíi ti òwú. Àwọn aránṣọ ládùúgbò ló ń gé e, tí wọ́n ń rán an ní ìwọ̀n tí yóò bo ẹnu ìkòkò omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Obìnrin á gbé omi dé láti adágún, á ta asẹ́ bo ẹnu àmù, á da omi lé e, kòkòrò á sì há sókè. Kò gba iná mànàmáná, kò gba dókítà, kò gba ìgbà tí gómìnà máa fa omi ẹ̀rọ wọ̀lú. Aránṣọ rí owó díẹ̀ nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ abúlé níyì nínú rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi rí i pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ra á, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀ láìfi bò: ibi tí owó kò sí, ibi tí abúlé ti jìnnà, ibi tí ẹni tó ń tà á kò ti tara sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún èyí ju ohun gbogbo lọ, pé wọ́n sọ ibi tí iṣẹ́ ti kù.

Kì í ṣe Ìdèrè nìkan ló lé sòbìyà lọ, irọ́ ni ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ pa. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tó ní in káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́, ní 1987 sí 1988, iye wọn lé ní 650,000. Ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ fún un, Jimmy Carter àti àjọ rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà gbé e lérí láti 1999, ó ń wọ abúlé kiri. Ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ẹnúgú ni wọ́n ti rí i ní 2008. Ní oṣù Kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n asẹ́, òṣìṣẹ́ abúlé tí abúlé yàn, àti fífetí sí ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ kí a tó bá a sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ti dán wò ní Ìdèrè ni gbogbo rẹ̀ kí ètò ìjọba tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí kan tún wà tí n kì í gbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, onímọ̀ àrùn ọpọlọ tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé, fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ní wárápá. Ẹ mọ bí wárápá ṣe rí láwùjọ wa. Wọ́n ní itọ́ ẹni tó bá ṣubú ń ràn, nítorí náà ẹni tó bá ṣubú sínú iná ń jóná níbi tí ènìyàn pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í wá sí ọsibítù, inú yàrá ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Àfi kí a lọ kàn wọ́n nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí Ayétẹ̀, ìlú Ìbàràpá mìíràn, wọ́n yẹ nǹkan bí 900 ènìyàn wò, wọ́n sì rí i pé nínú 1000, bíi 37 ló ní wárápá. Wọ́n wá lọ sí Ìgbó-Ọrà, wọ́n wo nǹkan bí 19,000 ènìyàn. Níbẹ̀, kò ju márùn-ún lé díẹ̀ nínú 1000.

Ìbàràpá kan náà, èdè kan náà, oko kan náà, oúnjẹ kan náà. Kí ló fà á? Àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ilé ìwòsàn tó ti wà ní Ìgbó-Ọrà fún nǹkan bí 20 ọdún. Wárápá a máa tẹ̀yìn ìbímọ tó nira yọ, tí orí ọmọ fara gbọgbẹ́. A máa tẹ̀yìn ibà tó di gìrì yọ, àti èéyi, àti àrùn yírùnyírùn. Ibi tí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ wà, tí abẹ́rẹ́ ọmọdé wà, tí wọ́n ń tètè wo ibà, irú wárápá bẹ́ẹ̀ á dín kù. Òótọ́ ni pé àwọn tí wọ́n wò ní Ayétẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá mọ ìṣirò á sì ní kí a rọra. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tóbi ju ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lọ. Kò sẹ́ni tó lọ sí Ìgbó-Ọrà ní 1963 láti lọ dín wárápá kù. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣe, ọdún dé, ọdún lọ.

Ọ̀nà ojúlé dé ojúlé yìí náà ni Ọ̀ṣúntòkun àti àwọn ará Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà ní 1992. Wọ́n wo àwọn àgbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wọ́n sì wo àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ti Indianapolis ní ìlọ́po méjì àwọn ti Ìdíkàn àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀ṣúntòkun kò dúró rí i. Ó kú ní 1995.

Ní Ìbàràpá náà, lẹ́bàá odò Ọ̀yán àti odò Òfìkì, kòkòrò kékeré kan wà tó ń jẹni, tó ń gbin àrùn tó ń fọ́ni lójú tàbí tó ń mú ara yún ènìyàn títí awọ yóò fi bó. Ẹni tí kò lè sùn lóru nítorí ara yíyún, kí ni yóò gbé dé oko láàárọ̀? Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn rẹ̀ tọrẹ, ìṣòro wá ku bí yóò ṣe máa dé abúlé lọ́dọọdún. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn wà nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní àárín àwọn ọdún 1990 láti wo bóyá abúlé fúnra rẹ̀ lè yan ẹni tí yóò máa pín in àti ọjọ́ tí yóò pín in. Ó ṣeé ṣe, ó sì dára ju kí ìjọba máa rán òṣìṣẹ́ wá láti ìta. Ọ̀nà náà ni wọ́n mú káàkiri Áfíríkà. Nínú gbogbo èyí, mo ń gbóòórùn Ìdèrè: abúlé ló yàn, abúlé ló ń ṣe é.

Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Ìbàdàn ṣì ń lọ gbé Ìgbó-Ọrà. Owó Rockefeller ti tán tipẹ́, àwọn aláṣẹ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ti pín sí ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ètò náà ti di ti ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo Ìbàràpá. Síbẹ̀, mo ń ronú nípa Ayétẹ̀, níbi tí wárápá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Méje ni Ìbàràpá: Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Yunifásítì sì ti pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nísinsìnyí ju bó ṣe wà ní 1963 lọ, ti ìjọba àti ti aládàáni. Mo fẹ́ rí èyí tó máa lọ sí Ìgàngán tàbí Tápà nínú wọn, tó máa ka àwọn ènìyàn ibẹ̀, tó máa kọ ìbí àti ikú wọn sílẹ̀, tí yóò sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn 20 ọdún láti tún wọn kà.